Owó ọkọ̀ ọmọ mi ni kí n fi ránṣẹ́, àbí kí ọmọ náà lọ fúnra rẹ̀?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Dallas ni à ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, ìṣirò owó ló ń kọ́. Ó ní òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun fẹ́ fi ọlidé oṣù kẹta lọ sí North Carolina níbi tí ìjì Helene ti ba ilé àwọn èèyàn jẹ́, pé àwọn fẹ́ bá wọn tún un kọ́. Ọmọ tí kò kan ìṣó kan ṣoṣo rí nínú ilé mi! Owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó irínwó dọ́là. Ṣé kò ní sàn kí n fi owó náà ránṣẹ́ sí àwọn tí ìjì kọlù? Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ àwọn lébìrà ni wọ́n fẹ́ lọ gbà ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, kí tiẹ̀ ni ojú rẹ̀ máa rí níbẹ̀? Ìyá Tóbi."

Ìyá Tóbi, ẹ jẹ́ kó lọ. Àmọ́ kí ẹ tó kó owó yẹn lé e lọ́wọ́, àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí ẹ bi ẹni tó ń kó wọn lọ. Màá dé orí ìyẹn.

Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mo ń ṣe ní Louisiana. Láti ìparí ọdún 2005 títí wọ 2009, òpin ọ̀sẹ̀ mi kì í ṣe tèmi mọ́: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá sí New Orleans lẹ́yìn ìjì Katrina ni mò ń darí. Mo ti kó àwọn tó dáa lẹ́yìn, mo ti kó àwọn tó yẹ kó jókòó sílé ìyá wọn pẹ̀lú. Nítorí náà New Orleans ni màá fi ṣàlàyé, torí ibẹ̀ ni mo ti fojú rí i.

Ọ̀rọ̀ owó lẹ kọ́kọ́ sọ. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kìíní lẹ́yìn ìjì lẹ bi mí, owó ni mo máa ní kí ẹ fi ránṣẹ́, láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá sáré débẹ̀ lọ́sẹ̀ kìíní, tí kì í ṣe agbẹ̀mílà, tí kì í ṣe dókítà, omi tí àwọn onílùú kò rí mu ló máa bá wọn mu, ibi tí wọn kò rí sùn ló máa bá wọn sùn. Ṣùgbọ́n oṣù kẹfà lẹ́yìn ìjì kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kìíní. Nígbà yẹn àwọn oníròyìn ti kó kámẹ́rà wọn lọ, owó ìrànwọ́ ti ń gbẹ, ẹrẹ̀ ṣì wà nínú ilé. Ìgbà náà ni ọwọ́ ọmọ tí kò mọ ìṣó kàn máa ń wúlò, torí iṣẹ́ tó pọ̀ jù nílẹ̀ kì í ṣe ìṣó kíkàn rárá. Kíkó dànù ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ilé Amẹ́ríkà kì í ṣe ilé búlọ́ọ̀kù bíi tiwa. Igi ni egungun rẹ̀. Wọ́n á kan pátákó gípsọ́ọ̀mù tí bébà bò mọ́ igi náà láti inú, wọ́n á sì ki òwú kan sí àárín kí ooru àti òtútù má baà ráyè wọlé. Nígbà tí omi bá dé, gípsọ́ọ̀mù yẹn á mu omi bíi búrẹ́dì tí a rì sínú tíì, á sì máa fà á gòkè kọjá ibi tí omi gan-an dé. Láàárín ọjọ́ mélòó kan nínú ooru oṣù kẹjọ, ògiri á bu, á máa hu funfun, á máa hu dúdú. Ní New Orleans, àárọ̀ ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 2005 ni Katrina wọ Louisiana. Atẹ́gùn kọ́ ló rì ìlú náà. Àwọn ògiri ìdènà tí àwọn ẹnjiníà ológun Amẹ́ríkà kọ́ sí etí omi ló ya, ní 17th Street Canal, ní London Avenue, ní Industrial Canal, omi sì bo nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ìlú náà. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó fà á tán. Ìwọ̀nba ilé kéréje ni ògiri rẹ̀ kò bu.

Kò sí kíkọ́, kò sí kíkùn, títí wọ́n á fi kó inú irú ilé bẹ́ẹ̀ dà síta tí yóò ku egungun igi nìkan. Àga, bẹ́ẹ̀dì, kápẹ́ẹ̀tì, síìlìn, òwú inú ògiri, gbogbo rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe tó bá gba iṣẹ́ yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ló máa pè é, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ àti ilé rẹ̀ bá omi lọ pọ̀ kò sì ní in. Akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti bárò lè ṣe é tán láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ ṣírò ìyẹn sí irínwó dọ́là yín. Ìdí nìyẹn tí ọlidé oṣù kẹta ọdún 2006 fi kún fún akẹ́kọ̀ọ́ ní New Orleans, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, láti yunifásítì Howard títí dé àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké tí n kò gbọ́ orúkọ wọn rí, tí wọ́n ń sùn sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti nínú àgọ́.

Èyí kò sọ iṣẹ́ náà di iṣẹ́ òmùgọ̀ o. Bí omi kò bá ga, ẹsẹ̀ bàtà 4 láti ilẹ̀ là ń gé ògiri sí. Kí nìdí? Pátákó tuntun tí wọ́n ń tà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8. Bí a bá fi í dùbúlẹ̀, á bọ́ sójú àlàfo náà gẹ́lẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gé e sí ẹsẹ̀ 4 àti íńṣì 3 ti dá ìyà ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, igi gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ń kì mọ́ igi láti mọ omi tó kù nínú rẹ̀. Tí kò bá tíì sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 15 nínú 100, ẹ má bo ògiri. Mo mọ ilé tí wọ́n fi ìkánjú bò, tí wọ́n kùn, tí wọ́n gbàdúrà ìṣílé, tí ògiri tuntun sì tún bu kí ọdún tó yí po.

Firíìjì ní ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ ro edé, ẹja àti ẹran tó wà nínú firíìjì láti oṣù kẹjọ láìsí iná. Òfin tí mo máa ń kọ́kọ́ kà fún àwọn ọmọ ni pé ẹ má ṣí i. Ẹ fi téèpù wé e yíká, kí ẹ gbé e jáde bí ẹni gbé òkú. Ọmọkùnrin kan láti Ohio rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Ó ṣí i. A kò tún rí i mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́.

Àṣìṣe tó ṣì ń dùn mí kì í ṣe ti firíìjì. Ilé àtijọ́ kan wà ní Holy Cross, apá Lower Ninth Ward tó sún mọ́ odò Mississippi. Irú ilé gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní shotgun ni: yàrá tẹ̀lé yàrá, kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí o tó dé ilé ìdáná o ti gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì gbogbo ẹbí kọjá. (Ọ̀jọ̀gbọ́n John Michael Vlach kọ ọ́ ní àwọn ọdún 1970 pé láti Haiti ni irú ilé yìí ti dé New Orleans, àti pé ilé oníyàrá méjì ti àwa Yorùbá wà lára ohun tí àwọn ẹrú tó wà ní Haiti fi ṣe àpẹẹrẹ. Láti ọjọ́ tí mo ti ka èyí ni n kò ti lè wo ilé wọ̀nyẹn bí ilé àjèjì mọ́.) Igi cypress àtijọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ, igi tí omi kì í tètè jẹ. Ògiri inú rẹ̀ kì í ṣe gípsọ́ọ̀mù onípátákó, ẹfun tí wọ́n fi ọwọ́ rẹ́ sórí igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Bí a bá fọ irú ògiri bẹ́ẹ̀, tí a ha ara rẹ̀, tí a ṣí fèrèsé sílẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló máa yè. Àwọn ọmọ kò mọ̀. Òòlù ti wà lọ́wọ́, ìtara ti wà lọ́kàn, wọ́n fọ́ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nígbà tí onílé dé ní ìrọ̀lẹ́, ó dúró sójú ọ̀nà, kò wọlé. Bàbá bàbá rẹ̀ ni ó rẹ́ ògiri yẹn. Iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun nìyẹn. N kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n n kò lè fi ìyẹn wẹ ara mi mọ́, torí èmi ni mo fi ọmọ ogún ọdún ṣe olórí wọn, tí mo sì fún un ní àdírẹ́sì láìbá a dé ilé náà.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí fún yín ni pé "ta ló máa wà pẹ̀lú wọn nínú ilé?" ni ìbéèrè kìíní tí ẹ máa bi ẹni tó ń kó wọn lọ. Kì í ṣe nínú bọ́ọ̀sì, kì í sì í ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n máa sùn. Nínú ilé gan-an ni. Bí ìdáhùn bá jẹ́ "àwọn fúnra wọn ni", ẹ mú owó yín padà.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ tí ẹ kò bi mí. Ọmọ yín ń kọ́ ìṣirò owó. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn wúlò ju ejìká rẹ̀ lọ.

Ní oṣù kẹta 2006, a ń kó ilé màmá kan tó lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó jókòó sórí àga rọ́bà nínú àgbàlá, gbogbo bárò tó bá ń jáde ló ń dá dúró láti wo inú rẹ̀. Ó ń mú síbí kan, ó ń dá a padà, ó ń mú fọ́tò tí omi ti fọ ojú inú rẹ̀ dànù. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú, torí ilé mìíràn ṣì wà lórí ìwé wa. Mo ní kí wọ́n gbé bárò sílẹ̀, kí wọ́n jókòó tì í. Bárò kẹwàá tàbí ìkọkànlá ni wọ́n gbé páànù bisikíìtì kan jáde. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í sí bisikíìtì nínú irú páànù bẹ́ẹ̀. Tiwa, abẹ́rẹ́ àti òwú ló máa ń wà ńbẹ̀. Tirẹ̀, rìsíìtì owó orí ilẹ̀ ni, ti ọ̀pọ̀ ọdún, tó ti lẹ̀ pọ̀ bí ọ̀lẹ̀lẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní orúkọ bàbá rẹ̀ tó ti kú láti 1974.

Ilé ẹbí ni! A mọ̀ ọ́n nílé. Bàbá kú, kò sẹ́ni tó lọ sí kóòtù, àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ ń gbé inú rẹ̀, ẹni tó bá rọ́wọ́ mú ń san owó orí. Lower Ninth Ward kún fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ará ibẹ̀, ju ìdajì wọn lọ ló sì ń gbé nínú ilé ara wọn. A bí wọn sínú ilé náà, wọ́n tọ́mọ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú ìwé, òkú ló ni ín. Nígbà tí ìjọba gbé ètò Road Home jáde, tó lè fún onílé ní owó tó tó 150,000 dọ́là láti fi tún ilé ṣe, ìwé tó fi hàn pé ilé náà wà ní orúkọ ẹni ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Àìmọye ló dúró síbẹ̀. Àwọn tó tiẹ̀ ní ìwé tún bá ìṣòro mìíràn: iye tí ilé náà tó kí ìjì tó jà, tàbí iye tí àtúnṣe máa ná wọn, èyí tó bá kéré jù ni wọ́n fi ń ṣírò owó wọn. Ilé ládùúgbò aláwọ̀ dúdú kò lówó lórí lọ́jà bíi ti ládùúgbò aláwọ̀ funfun, ṣùgbọ́n pákó àti ìṣó kì í wo àwọ̀ ara kí wọ́n tó dá owó lé ara wọn. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù ní 2008. 2011 ni wọ́n tó parí rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wúlò jù fún màmá yẹn kò gbé òòlù. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin ni wọ́n. Lẹ́yìn Katrina, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Student Hurricane Network, wọ́n ń wá lásìkò ọlidé láti ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn lọ́yà tó ń gba ẹjọ́ tálákà. Wọ́n ń to ìwé ikú àti ìwé ìbí, wọ́n ń wá mọ̀lẹ́bí tí omi ti gbá lọ sí Houston àti Atlanta kí wọ́n lè buwọ́ lùwé. Bákan náà ni ti Broadmoor, àdúgbò kan ní New Orleans. Ní oṣù kìíní 2006, ìwé ìròyìn gbé àwòrán ìlú jáde tí wọ́n fi àmì róbótó aláwọ̀ ewé sí àwọn àdúgbò tó lè di pápá dípò kí wọ́n tún un kọ́. Àmì kan wà lórí Broadmoor. Àwọn ará àdúgbò náà fárígá. LaToya Cantrell, tó wá di mẹ́yọ̀ New Orleans ní 2018, wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Harvard àti Bard College wá, wọ́n ń ka ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bá wọn kọ ètò sórí ìwé. Onílé ló ń ṣe alága ìpàdé, akẹ́kọ̀ọ́ ló di kálámù mú. Broadmoor kò di pápá.

Nítorí náà, kí Tóbi sọ fún wọn lọ́jọ́ kìíní pé òun mọ ìṣirò. Ẹni tó ń bá agbófò (ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì) jà lórí rìsíìtì àtúnṣe ilé, tí kò mọ orí, tí kò mọ ìdí fọ́ọ̀mù ìjọba, pọ̀ níbẹ̀ ju ẹni tó ń wá alágbára lọ. Kó kàn má fi àṣírí wọn ṣeré, kó má sì ya fọ́tò ìwé ẹnikẹ́ni.

Lórí lébìrà: rárá, bí ilé tí wọ́n ń ṣe bá jẹ́ ti ẹni tí kò ní lè gbé iṣẹ́ náà fún ẹnikẹ́ni. Ilé tí agbófò ti san owó rẹ̀ pé, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án lọ́fẹ̀ẹ́, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ẹnìkan nìyẹn. Iná, omi ẹ̀rọ àti òrùlé, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún oníṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ. Àti pé bí ẹ bá ń wá ẹni tó fọwọ́ kan oúnjẹ lébìrà lẹ́yìn Katrina, ẹ má wo akẹ́kọ̀ọ́. Ní oṣù kẹsàn-án 2005, Ààrẹ Bush dá òfin kan dúró, òfin tó ní kí agbaṣẹ́ṣe ìjọba má san owó iṣẹ́ tó kéré sí iye tí wọ́n ń san ládùúgbò. Ó di oṣù kọkànlá kó tó dá a padà.

Ẹ tún sọ fún un kó buwọ́ lu ìwé wákàtí ní àràárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kó má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú owó àtúnṣe lẹ́yìn ìjì, ìjọba àpapọ̀ sábà máa ń gbé ìdá 75 nínú 100, ìyókù á wà lọ́rùn ìpínlẹ̀ àti ìlú. Wákàtí olùyọ̀ǹda tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ dáadáa, lórí iṣẹ́ tó bá òfin mu, wọ́n lè ṣírò rẹ̀ sí owó kí wọ́n fi dí lára ìdá tó kù yẹn. Ọmọ tó bá gbàgbé láti buwọ́ lùwé ti gbé owó ìlú onílùú sọnù.

Kí ni ojú rẹ̀ máa rí? Ti North Carolina yàtọ̀ sí tiwa. Omi New Orleans dúró sójú kan. Omi Helene ti oṣù kẹsàn-án 2024 sáré láti orí òkè, ó gba odò Swannanoa àti French Broad, ó gbé ilé, ó gbé ojú ọ̀nà, ó sì gbé àwọn afárá kéékèèké tí onílé fúnra rẹ̀ kọ́ sójú odò kó lè délé. Ẹrẹ̀ ló máa bá, àti igi tó wó, àti ẹni tí ilé rẹ̀ dúró ṣánṣán ní òdìkejì omi tí kò ní afárá mọ́. Ó máa rí àgbàlagbà tó ń sunkún lórí nǹkan kékeré. Ní tiwa, àwọn agbẹ̀mílà ti fi ọ̀dà kun àmì X sí iwájú ilé kọ̀ọ̀kan, nọ́mbà tó wà ní ìsàlẹ̀ X ni iye èèyàn tí wọ́n bá nínú rẹ̀, ààyè tàbí òkú. Mo ti rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi orin wọ àdúgbò, tí ohùn wọn sì pa lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ẹnìkan ṣàlàyé àmì náà fún wọn. Bó bá pè yín lálẹ́ tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ, ẹ má fipá mú un sọ ọ́.

Ti ara rẹ̀: abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, ẹ bi dókítà rẹ̀ kó tó lọ. Ìbòmú N95, kì í ṣe aṣọ. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn, awò tó bo ojú yíká, bàtà tí ìṣó kò lè gún. Ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1978 lè ní òjé nínú ọ̀dà rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ha á láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Kí wọ́n má po bílíìṣì mọ́ ọṣẹ mìíràn láé, pàápàá èyí tó ní amóníà. Kí wọ́n sì bi àwọn ará àdúgbò ohun tó dà sínú omi náà: ní St. Bernard Parish, táǹkì epo rọ̀bì kan yẹ̀ nídìí lẹ́yìn Katrina, ó ju mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù tó dà sí àárín ilé àwọn èèyàn, ẹrẹ̀ ibẹ̀ kì í sì í ṣe ẹrẹ̀ lásán.

Ó kù díẹ̀. Bó bá padà dé, ẹ má jẹ́ kó gbé bàtà yẹn wọ mọ́tò yín. Kó fi sílẹ̀ níbẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹnìkan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa bá a mu.